Ọkọ̀ Kékeré tí Oòrùn Ń Tì: Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Ọmọ

Kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọdé kò ti mọ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré. Agolo mílíìkì tàbí agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀ náà. Ìdérí ìgò, tàbí sílípáàsì gbígbó tí a gé róbótó, ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn ni a sì fi ń fà á káàkiri àgbàlá. Ọkọ̀ náà pé tán, àfi agbára tí yóò fi dá rìn ni ó kù. Ọmọ tí ń fà á ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ní ayé òde òní, ohun ìṣeré kan wà lọ́jà tí ó fi agbára yẹn kún un. Inú páálí ni ó máa ń wà ní wẹ́wẹ́, ọwọ́ ara ẹni ni a ó sì fi tò ó pọ̀ títí yóò fi di ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, tàbí ẹ̀rọ tí ń yí bí abẹ̀bẹ̀. Kì í mu epo, kì í sì í lo bátìrì. Oòrùn ni ó ń tì í. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ jókòó ti ọmọdé kan kí àwọn méjèèjì jọ tò ó. A ó sọ ohun tí ó wà nínú páálí náà, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, bí a ó ti tò ó, àti ohun tí a ó ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò rìn. Apá tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ gan-an.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ẹ gbé ojú yín sókè wo òrùlé ilé, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní ìlú yín. Pánẹ́ẹ̀lì sólà ti pọ̀ níbẹ̀, pàápàá láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti lọ sókè gidigidi. Àwọn ọmọ wa ń rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, bí idán ni ó rí. Àwa àgbà pẹ̀lú kò sàn jù wọ́n lọ púpọ̀. Nígbà tí sólà ilé bá dákẹ́, oníṣẹ́ ni a ń sáré pè, a ó sì san iye tí ó bá bu lé wa. Bóyá eruku ọyẹ́ ni ó bò ó lójú. Bóyá ẹ̀ka igi máńgòrò ti dàgbà dé ibi tí òjìji rẹ̀ fi ń ṣubú lé e ní ọ̀sán. Bóyá wáyà kan ni ó tú.

Pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ àti èyí tí ó wà lórí òrùlé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àìsàn kan náà ni ó sì ń ṣe wọ́n. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ohun tí ó ń ṣe èyí kékeré rí, èyí ńlá kò ní jẹ́ idán lójú rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀la, òun lè jẹ́ oníṣẹ́ tí a ń pè; bí kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ lásán gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́.

Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí. Ọmọbìnrin tí ń di irun, tí ń rán aṣọ, tí ó mọ ìlẹ̀kẹ̀ í sín, ní ọwọ́ tí ó fẹ́lẹ́ tó fún wáyà tín-ínrín. Bí ẹ bá ní ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó tì í.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ PÁÁLÍ

Bí oríṣi rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀, àwọn ohun wọ̀nyí ni ẹ ó bá nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn:

1. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan, tí a pín ojú rẹ̀ sí ègé mélòó kan.
2. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Iná ni ó ń yí i.
3. Wáyà méjì, pupa kan àti dúdú kan.
4. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín, kékeré àti ńlá, tí eyín wọn ń wọ ara wọn.
5. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ó fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin, àti ara ọkọ̀ tí a fi rọ́bà tàbí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe.
6. Ìwé àwòrán tí ó fi bí a ti ń tò ó hàn.

Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e, kí ọmọ sì kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ó ti rí wọn nínú ìwé àwòrán. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí ó bá ṣì í, ẹ má ṣe yára tún un sọ. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò tún un ṣe.

BÍ ÌMỌ́LẸ̀ TI Ń DI INÁ

Ọmọ yóò béèrè pé, “Bàbá mi, ṣé ooru oòrùn ni ó ń wọ inú rẹ̀ ni?” Ìdáhùn ni pé rárá, ìmọ́lẹ̀ ni. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àgbà pàápàá. Kì í ṣe ooru ni sólà ń jẹ. Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, ńṣe ni agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀. Nítorí náà ni a kì í fi í lẹ̀ mọ́ páànù típẹ́típẹ́. A máa ń fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Silicon ni a fi ń ṣe ègé kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú pánẹ́ẹ̀lì. Ohun kan náà ni ó pọ̀ nínú iyanrìn, ṣùgbọ́n a ti yọ́ ọ, a sì ti sọ ọ́ di mímọ́ pátápátá. A pín in sí ìpele méjì, a sì po ohun díẹ̀ mọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ohun tí a pò mọ́ ti òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé dà bí ẹnu ọ̀nà tí a lè gbà jáde ṣùgbọ́n tí a kò lè gbà padà wọlé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé silicon, yóò já àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí a ń pè ní electron gbà kúrò ní àyè wọn. Wọn yóò gba ẹnu ọ̀nà náà jáde. Nígbà tí wọn kò lè gba ibẹ̀ padà, wáyà ni wọn yóò gbà yípo kí wọ́n tó dé ilé. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì kékeré wa sí ojú ọ̀nà wọn, bí wọ́n ti ń kọjá ni yóò máa yí.

Ègé kan ṣoṣo ń fúnni ní nǹkan bí ìdajì fólítì, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Kí agbára tí ń ti iná lè pọ̀ sí i, a máa ń so ègé pọ̀ ní ẹsẹẹsẹ: ìdí ti àkọ́kọ́ mọ́ orí ti èkejì. Ègé 4 yóò fún wa ní nǹkan bí fólítì 2. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yé ọmọ, ẹ fi táńkì omi ṣàpèjúwe fún un. Bí táńkì ti ga tó ni omi ṣe ń tú jáde pẹ̀lú agbára tó, fólítì nìyẹn. Bí páìpù ti fẹ̀ tó ni omi tí ń kọjá ti pọ̀ tó. Bí ojú ègé ti fẹ̀ tó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ti mọ ìṣirò ìsọdipúpọ̀ ṣe èyí pẹ̀lú yín. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, agbára tí oòrùn ń dà sórí ilẹ̀ tí ìbú àti gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí wáàtì 1,000. Ká ní pánẹ́ẹ̀lì wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú àti 6 ní gígùn. Èyí tí ó ń bà lé e nínú agbára náà jẹ́ wáàtì 3.6. Bí ó bá lè sọ ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ di iná, wáàtì 0.6 ni a ní lọ́wọ́. Gílóòbù kan tí ń jẹ wáàtì 9 yóò gba pánẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ìṣeré 15 kí ó tó lè tàn dáadáa. Láti orí ìṣirò kékeré yìí ni ọmọ yóò ti mọ ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé fi tóbi, àti ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò fi lè gbé fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà.

OHUN ÌṢERÉ NI Ó KỌ́KỌ́ JẸ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun ìṣeré, kí ó gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Edmond Becquerel, ẹni ọdún 19, ṣàkíyèsí nínú yàrá ìdánwò bàbá rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde. Ó ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ó tó di ohun tí a lè lò. Ní ọdún 1954, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, fi silicon ṣe ègé sólà tí ó lè sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ di iná. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún náà ni a fi han gbogbo ayé. Kí ni wọ́n fi hàn? Ohun ìṣeré ni. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn ènìyàn máa ń jókòó sí yíká ní ọgbà ìṣeré, ni wọ́n ṣe kékeré rẹ̀ tí wọ́n sì fi iná sólà yí i. Wọ́n sì tún fi gbé rédíò kékeré kan sọ̀rọ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kẹjọ 1955, William Cobb, òṣìṣẹ́ General Motors, fi ọkọ̀ kan tí oòrùn ń tì han àwọn ènìyàn ní ìlú Chicago. Gígùn ọkọ̀ náà kò ju íǹṣì 15 lọ. Kò sí ẹni tí ó lè wọ̀ ọ́. Ní 1958 ni a fi ègé sólà sára Vanguard 1, tí a jù sí òfuurufú láti máa yí ayé po. Láti oṣù Kejìlá 1982 sí oṣù Kìíní 1983, ọkùnrin méjì, Hans Tholstrup àti Larry Perkins, wa ọkọ̀ tí oòrùn ń tì láti Perth dé Sydney ní Australia, ìrìn tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 4,000. Ọkọ̀ ìṣeré tí kò gba ọmọ ọwọ́ ni ó ṣáájú, ọkọ̀ tí ó la ilẹ̀ ńlá já ni ó tẹ̀ lé e.

BÍ A Ó TI TÒ Ó

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú iṣẹ́ yìí, kèrègbè pọ̀ ju pẹpẹ lọ. Ọwọ́ ọmọ ni kí ó ṣe é. Iṣẹ́ àgbà ni láti ka ìwé, láti di nǹkan mú, àti láti gé ohun tí ó bá gba ọ̀bẹ.

Ìkíní: Ẹ fi kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó kéré jù sí ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi èyí tí ó tóbi sí ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka eyín wọn. Bí kékeré bá ní eyín 10, tí ńlá sì ní 50, kékeré gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun kan náà ni ọlọ́kadà ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ gun òkè, tí ó sì kó sí jíà kìíní.

Ìkejì: Ẹ ti ọ̀pá bọ ara ọkọ̀, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ sí i. Kí ọmọ fi ìka yí i wò. Ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́ láìha ibì kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nítorí náà, bí ọ̀pá bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ wo ìwé àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ipá tì í.

Ìkẹta: Ẹ so wáyà pánẹ́ẹ̀lì mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Pupa wà fún àmì +, dúdú wà fún àmì −. Ẹ rí i pé irin inú wáyà ni ó kan irin, kì í ṣe rọ́bà tí ó bò ó.

Ìkẹrin: Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì lé orí ọkọ̀, kí ó kọjú sí òkè gbọnrangandan. Kí ẹ tó jáde síta, ẹ fi ọwọ́ bò ó lójú. Nígbà tí ọmọ bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, kí òun fúnra rẹ̀ sì gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́.

BÍ ỌKỌ̀ BÁ KỌ̀ LÁTI RÌN

Ó ṣeé ṣe kí ó má rìn ní ìgbà àkọ́kọ́. Inú ọmọ lè bàjẹ́; inú àgbà tilẹ̀ lè bàjẹ́ jù ú lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, wọn a yí ẹ̀yìn sí i, wọn a tún un ṣe, wọn a sì dá a padà fún un. Ọkọ̀ rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kọ́ ni pé, nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn ni yóò tún un ṣe. A bẹ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ ohun tí ó ṣe é, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ pé, “Èmi náà kò tíì mọ̀, jẹ́ kí a jọ wá a.”

Ẹ tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ báyìí, láti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ẹsẹ̀ ọkọ̀:

Ìbéèrè kìíní: Ǹjẹ́ oòrùn tó? Bí òjìji ọmọ lórí ilẹ̀ kò bá hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ náà kò tó. Ẹ dúró de ìgbà tí kùrukùru bá ká kúrò.

Ìbéèrè kejì: Ǹjẹ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì mọ́, tí òjìji ẹnikẹ́ni kò sì bò ó? Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

Ìbéèrè kẹta: Ǹjẹ́ ẹ́ńjìnnì ń dún? Ẹ gbé e sétí. Bí ó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò yí, iná ti dé; eyín kẹ̀kẹ́ ni kò wọ ara wọn, tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń ha ara rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin: Bí ọmọ bá fi ìka tì í díẹ̀, ǹjẹ́ yóò máa lọ? Bí ó bá lọ, agbára wà ṣùgbọ́n kò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín ẹrù ọkọ̀ kù, tàbí kí ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú.

Ìbéèrè karùn-ún: Bí ó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ tú wáyà pánẹ́ẹ̀lì kúrò, kí ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, fólítì 1.5, kan wáyà ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí, ara rẹ̀ dá. Pánẹ́ẹ̀lì tàbí ibi tí a ti so wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá yí, ẹ́ńjìnnì ni ó ní àìsàn.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìméfò nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pín ọ̀ràn náà sí méjì, ó sì ń lé àṣìṣe náà lọ sí igun kan títí a ó fi mú un. Oníṣẹ́ sólà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, bí ó ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ pé kí ẹ lọ ra bátìrì tuntun.

ÌDÁNWÒ MẸ́RIN FÚN ÌWÉ AKỌSÍLẸ̀

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní ìwé kan àti pẹ́ńsù. Ẹ wọn mítà 3 sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi aago wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi gbà á já.

1. Ẹ dán an wò ní aago 8 àárọ̀, ní aago 12 ọ̀sán, àti ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ti ọ̀sán ni yóò yá jù. Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri ní òòró, kí ẹ tún tàn án ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá dàgẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó tàn ká ibi tí ó fẹ̀ jù, nítorí náà kò mú mọ́. Bí oòrùn àárọ̀ ti ń bà lé wa nìyẹn.

2. Ẹ fi páálí bo ègé kan ṣoṣo pátápátá nínú ègé mẹ́rin. Ọmọ yóò rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ni yóò lọ. Ẹnu yóò yà á nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tí ó kàn ń wọ́. Nítorí pé ẹsẹẹsẹ ni a so wọ́n, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ní. Ẹni kan tí ó bá dúró lójú ọ̀nà tóóró, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dá dúró. Ẹ wá rántí ẹ̀ka igi máńgòrò tí a sọ níṣàájú.

3. Ẹ yí wáyà padà, kí pupa wà níbi tí dúdú wà. Ọkọ̀ yóò fi ẹ̀yìn rìn.

4. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù yàrá. Kò ní rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa ríran kedere níbẹ̀. Ojú ènìyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣe púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán lágbára ju ti yàrá lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ tún ìdánwò kìíní ṣe ní ọjọ́ tí eruku bo ojú ọ̀run, kí ẹ fi wé ọjọ́ tí ó mọ́. Ìwé ọmọ náà ni yóò fi bí ọyẹ́ ti ń mú agbára kúrò lára oòrùn hàn yín.

ÌKÌLỌ̀

Kí ọmọdé má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn láé, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Kí a má ṣe jẹ́ kí ohun wẹ́wẹ́ wọ̀nyí wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, nítorí wọ́n lè há sí i lọ́fun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti wáyà ọkọ̀ yìí bọ iná ògiri. Kí ọmọ má sì ṣe fi ọwọ́ kan wáyà, bátìrì tàbí ínfátà sólà ilé, nítorí pé iná inú wọn lè pa ènìyàn. Èyí tí a fi fólítì 2 kọ́, kí ó dúró sórí fólítì 2 títí yóò fi dàgbà tí yóò sì wà lábẹ́ ọ̀gá.

BÍ KÒ BÁ SÍ OWÓ LÁTI RA PÁÁLÍ

Ẹ̀kọ́ náà kò sọnù. Ẹ́ńjìnnì kékeré wà nínú ọkọ̀ ìṣeré tí ó ti bàjẹ́ àti nínú ẹ̀rọ DVD tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré wà lórí fìtílà sólà tí a ń gún mọ́ ilẹ̀ nínú ọgbà. Bí pánẹ́ẹ̀lì kan kò bá lè yí ẹ́ńjìnnì, ẹ wá méjì tí ó bára mu, kí ẹ so + mọ́ +, àti − mọ́ −. Bí ẹni tí ó mú kí páìpù fẹ̀ sí i ni. Àgbà ni kí ó tú wọn kúrò nínú ilé wọn. Bí agbára kò bá tíì tó láti gbé ọkọ̀, ẹ lẹ abẹ̀bẹ̀ pépà mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí nínú oòrùn kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ti ara ọkọ̀, agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n ti ń wà láti ìgbà àwọn bàbá wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, páálí kan tó fún ọmọ mẹ́rin: ọ̀kan kà, ọ̀kan tò, ọ̀kan wọn ilẹ̀, ọ̀kan kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹni kan náà ni yóò máa di wáyà mú.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÒBÍ YÓÒ BI ỌMỌ

1. Kí ni sólà ń lò, ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru?
2. Bí ègé kan bá ń fúnni ní ìdajì fólítì, ègé mélòó ni yóò fún wa ní fólítì 3?
3. Kí ni ìdí tí òjìji kékeré fi lè dá ọkọ̀ dúró?
4. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò yí, níbo ni a ó kọ́kọ́ wò?
5. Ìgbà wo ni a fọ eruku kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ilé wa tàbí ti aládùúgbò wa gbẹ̀yìn?

Ìbéèrè karùn-ún yìí, àgbà ni yóò dáhùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ náà, ẹ pe oníṣẹ́ yín kí ó wá fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣì tutù, kí ọmọ sì dúró nísàlẹ̀ máa wò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a bá kọ́, tí a sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ni yóò mọ ohun tí ó gbé iná ilé náà ró.